Wáìnì kan ní Jọ́dánì

Abúlé kan wà lẹ́bàá adágún Ontéríò,
Jọ́dánì ni wọ́n ń pè é.
Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i lára pátákó ojú ọ̀nà
mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ tí èmi nìkan wà:
ṣé odò náà ni mo dé yìí, Olúwa,
tí n kò mú aṣọ funfun dání?

Yìnyín ló lé mi wọlé.
Táyà ń yọ̀, gíláàsì iwájú ti ṣú bí ojú arúgbó.
Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ilé àwọn àgbà,
níbi tí mo ti ń yí Ìyá Pruitt
láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ ní wákàtí méjì-méjì.
Ilé kan tan iná, mo yà síbẹ̀.
Mo rò pé kọfí ni wọ́n ń tà.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí káńtà, Delphine lorúkọ rẹ̀,
ó bi mí bóyá èyí tó dùn ni mo fẹ́, àbí èyí tó gbẹ.
Mo ní: báwo ni nǹkan olómi ṣe ń gbẹ?
Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn, ó bu díẹ̀ sínú ife.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́.
Mọ́ọ̀tì ni tèmi láti kékeré,
mọ́ọ̀tì tútù pẹ̀lú mílíìkì inú agolo,
ìfófó rẹ̀ á dúró lókè ètè mi bí irunmú.
Kódà ní Hamilton, páálí méjì lóṣù ni mò ń gbé
lọ́wọ́ Bàbá Ṣìjúwọlá tó ń ta gàrí lójú pópó Barton.
Wáìnì tí mo mọ̀ kò ju ìkán ẹnu kan lọ,
èyí tí pásítọ̀ ń bù sínú ike kékeré,
omi ṣúgà aláwọ̀ osùn.

Eléyìí kan.
Ó kan, ó korò, ó fún ahọ́n mi pọ̀ bí okùn ìdí ṣòkòtò.
Mo ní: kí lorúkọ ìyà yìí?
Ó ní: Bákò.
Bá a kọ̀ kẹ̀? Mo ti bá a kọ̀ ná.
Mo dúpẹ́, mo wọ ọkọ̀ mi, mo lọ.

Ṣùgbọ́n ní agbedeméjì ọ̀nà, níbi afárá,
nǹkan kan jí lẹ́yìn ọ̀fun mi.
Mo gbé e mì, ó tún padà.
Agbálùmọ̀!
Kì í ṣe èyí tó pọ́n dáadáa tí a fi ń ṣe àlejò,
èyí tó já bọ́ sínú ewé lẹ́yìn ilé ìdáná ìyá mi ní Ìmẹ̀sí,
tí ọyẹ́ ti nà, tí eruku mọ́ lára,
tí èpo rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ eyín,
tí èmi àti Ìbíyẹmí jọ ń jẹ títí ètè wa fi lẹ̀ pọ̀.
Ogójì ọdún! Ta ló gbé e wá sínú yìnyín?

Náámánì wẹ̀ lẹ́ẹ̀meje kó tó mọ́.
Tèmi, mi ò kà á, bóyá ìgbà karùn-ún
ni Delphine kò bi mí mọ́ kó tó bù ú.
Ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ohun tí orúkọ náà ń wí: bá a kọ́.
Ahọ́n àgbà náà lè lọ iléèwé.

Ìbíyẹmí pè láti ilé: "Wọ́n ní o ti ń mutí."
Mo ní: wáìnì ni, ife kan, Sátidé, pẹ̀lú ẹja díndín.
Ó ní: bí ọtí ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.
Mo fẹ́ sọ fún un pé agbálùmọ̀ wa ni,
ṣùgbọ́n igi agbálùmọ̀ ṣì wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀,
kí ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe?
Mo ní: ó dáa, mo gbọ́.

Lánàá mo ṣí mọ́ọ̀tì kan tó kù nínú fìríìjì.
Ọwọ́ mi ṣì mọ ọrùn ìgò náà,
mo bu mílíìkì sí i bó ṣe yẹ.
Ó dùn. Ó dùn jù. Ó dùn kọjá ibi tí mo dúró sí.
Mo jókòó tì í títí ìfófó rẹ̀ fi kú,
bí ẹni jókòó ti ọ̀rẹ́ ìgbà èwe
tí ọ̀rọ̀ ti tán láàárín wọn, tí kò sí ìjà.
Mi ò dà á nù.
Mo fi àwo dé e.